Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìkẹ́rùsí Alajue

Rìsíkátù, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó wá dọ̀gá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì tún kí ọ kú oríire. Ara mi le. Orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀ díẹ̀, òróró tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi ń ra á láràárọ̀. Àwọn ará Alajue ní kí n kí ọ. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé ọmọ tí àwọn gbé pọ̀n lójú àwọn báyìí ló ń darí àjọ ńlá ní Ẹdẹ. Gbogbo ẹni tó bá yà sílé ni mo ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí kò tilẹ̀ béèrè, mò ń sọ fún un.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Láti ibí dé ọ́fíìsì rẹ, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n o mọ ara rẹ lórí fóònù. Mi ò tíì ní sọ gbólóhùn kejì tí wàá ti máa wí pé, "Mo ti gbọ́, Màámi, mo ti gbọ́." Bí mo bá sì wá bá ọ lójúkojú, mi ò ní lè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ojú ń tì mí. Nítorí náà, ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ, jókòó, kí o kà á tán kí o tó pè mí. Ọ̀rá kékeré tí ọlọ́kadà fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, má tíì tú u.

Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè. O ní àwọn tó ń fi owó ran àjọ yín lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, pé ohun tí wọ́n bá fojú rí ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá wọ́n á tún fún yín lówó tàbí ó parí síbẹ̀. O ní àwọn obìnrin tí ẹ fún ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Sekona ń ṣe dáadáa, wọ́n ń tà, wọ́n ń jèrè, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ẹ fún àwọn ti Awo ti kú, wọ́n sì ti padà sí fífi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́. Akápò yín wá ní kí ẹ má mú àlejò dé Awo rárá. Ó ní kí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì tó ti kú náà wá sí Sekona, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kí ẹ kó àwọn obìnrin láti ibi gbogbo wá dúró yí i ká. Ìwọ náà wá sọ fún mi pé, "Màámi, ẹ bá mi bá àwọn ìyá Alajue sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá kún wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu."

Mo ní, "Mo ti gbọ́," mo sì pa fóònù. O ti rò pé mo gbà. Mi ò gbà o, Rìsí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé owó oṣù àwọn tó wà lábẹ́ rẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì tó oṣù mẹ́ta tí o jókòó sórí àga. Síbẹ̀ mi ò gbà, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Láti kékeré rẹ ni mo ti ń sọ ìtàn ilé ìkẹ́rùsí wa fún ọ. Mo máa ń sọ pé àwọn àlejò kan wá láti Ìbàdàn, pé àwa obìnrin Alajue sọ fún wọn pé kànga la fẹ́, pé wọn ò gbọ́, ilé ràgàjì ni wọ́n kọ́ fún wa. Ìtàn yẹn lo mú lọ síbi tí wọ́n ti ń gba èèyàn síṣẹ́. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bi ọ́ pé kí ló dé tí o fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, o ní torí pé àwọn tó ń ṣèrànwọ́ kì í fetí sílẹ̀, ìwọ sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa fetí sílẹ̀. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Irọ́ ni ìtàn yẹn, ọmọ mi. Àwọn àlejò náà fetí sílẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwa obìnrin mẹ́rìnlá la kóra jọ nígbà náà tí a ń din gàrí. Ìyá Ràfíù ni alága wa, ìyá àgbà tó máa ń di irun fún ọ, tó máa ń bu ẹ̀pà sí ọ lọ́wọ́ kí o má baà sunkún. Èmi ni akọ̀wé, torí èmi nìkan ni mo kàwé débi tí mo lè gbọ́ òyìnbó. A ní ẹ́ńjìnnì kan tí a dáwó rà, tó ń tu èéfín bí ẹni tó ń bínú. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ lóko. Omi ni a ò ní. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, odò ìtòsí á gbẹ, yálà kí a lọ pọnmi ní odò kejì tó jìnnà, tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ń yọ̀, tàbí kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ di ìgbà tí òjò bá rọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà sí àjọ kan ní Ìbàdàn pé kí wọ́n bá wa gbẹ́ kànga. Wọ́n dáhùn pé àwọn ń bọ̀ wá wò wá.

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. O mọ bí a ṣe ń ṣe níbí bí àna bá ń bọ̀. Ẹni tí kò ní àga á yá àga, ẹni tí abọ́ rẹ̀ ti fọ́ létí á lọ gba ti aládùúgbò, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé irọ́ lò ń pa, àlejò lò ń bu iyì fún. Bàbá rẹ gan-an, kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ wọn, àga mẹ́fà ni wọ́n tò kalẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí mi kọ́kọ́ dé ilé wọn. Márùn-ún nínú rẹ̀ ni àwọn tó ni wọ́n padà wá gbé kí àwọn ẹbí mi tó wọkọ̀ tán. A fi ṣe ẹ̀rín títí wọ́n fi kú.

Ohun tí mo mọ̀ nípa àlejò nìyẹn, òun náà ni mo sì fi ṣe àwọn ará Ìbàdàn. Àpò gàrí mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀ lọ́wọ́ wa, nítorí pé kò sómi. Mo ní, "Ṣé báyìí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n bá wa?" Èmi ni mo gbéra lọ sí Awo, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gàrí ní àpò-àpò, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi ní àpò gàrí fún ọjọ́ kan péré. A fi mọ́tò akẹ́rù kó wọn dé. Pálọ̀ Ìyá Ràfíù kún dé àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn náà kún.

Ìyá Ràfíù dúró, wọ́n ń wo àwọn àpò náà. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, bí wọ́n bá rí gbogbo èyí, ṣé wọ́n á gbà pé a ò lómi?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ẹ̀yin ẹ fi tèmi ṣe."

Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ni olórí àwọn tó wá. Ó ṣèèyàn. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀. Ó bu gàrí díẹ̀ látinú àpò kan, ó jù ú sẹ́nu, ó ní òun ò tíì jẹ gàrí tó kan dáadáa bẹ́ẹ̀ rí. Gàrí Awo ló ń yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ìyá Ràfíù, ó béèrè pé kí gan-an ni ìṣòro wa.

Ìyá dìde. Wọ́n tú ìró wọn, wọ́n tún un ró. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé omi ni. Sọ fún un pé àwọn àpò yìí kì í ṣe tiwa, iyì la fi wọ́n ṣe. Omi tí a ò ní ni ò jẹ́ ká ní tiwa. Kó má bínú sí wa."

Mo wo Ìyá, mo wo obìnrin onígíláàsì. Ìtìjú bò mí, mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á pè wá lólè. Mo wá fi èdè òyìnbó sọ pé, "Ìyá ní ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní inú àwọn dùn láti rí yín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Ìyá. Ìyá rò pé ó ti gbọ́, pé ó ti dárí jì wá, wọ́n bá rẹ́rìn-ín padà, wọ́n ń súre fún un. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín síra wọn, èmi dúró láàárín. Ìgbà tó tún béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo la ń kó gbogbo gàrí yìí sí, mo ní a ò níbi tí a ń kó o sí.

Wọ́n kọ́ ilé náà tán kí ọdún tó yí. Búlọ́ọ̀kù ni, páànù tuntun, ilẹ̀kùn onírin, àgádágodo tó tó ìkúùkù bàbá rẹ. Èmi akọ̀wé ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ọmọdé lẹ kọ́kọ́ rí i lò, ẹ̀ ń ṣe ilé-ìwé nínú rẹ̀, ìwọ ni tíṣà, o sì burú lọ́wọ́ pàṣán.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, Ìyá Ràfíù lọ pọnmi ní odò kejì. Wọ́n ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ pẹ̀lú garawa lórí, wọ́n yọ̀, wọ́n fi ìbàdí lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi ẹsẹ̀ ara wọn dé oko mọ́. Ìdí tí o fi máa ń bá wọn lórí ẹní nìyẹn, lábẹ́ ìbòòji ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn obìnrin ń bú àwọn ará Ìbàdàn, wọ́n ní, "A sọ fún wọn, wọn ò gbọ́." Èmi náà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tí mo mì yẹn ló di ìtàn tí mo sọ fún ọ. Ó dùn mí lónìí ju bó ṣe dùn mí nígbà náà lọ, torí nígbà náà mo ṣì ń wá àwáwí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú èyí, kí n kà á bíi tàwọn tíṣà.

Ìkínní: má yá àpò gàrí fún àlejò. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú tí akápò yín fẹ́ kùn lọ́dà yẹn, àpò gàrí tèmi náà ni. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni akápò. Ohun tí mo rò lóun náà ń rò, iyì yín ló ń wá. Ṣùgbọ́n àlejò tó wá jẹun àti àlejò tó wá wo ibi tó ń dùn yín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ẹ bá fi ibi tó dára nìkan hàn wọ́n, ohun tí ẹ ò nílò ni wọ́n máa fún yín, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n á sì fi fún yín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe wá.

Ìkejì: kí o mọ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì Awo kí o tó wá nǹkan bò ó. Èmi ti wádìí. Ọ̀rẹ́ mi tó yá wa ní gàrí ṣì wà láyé, mo sì pè é lọ́jọ́ Ajé. Ó ní bẹ́líìtì ló kọ́kọ́ já, pé ọjọ́ tí ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà dé, ẹ sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án bó bá bàjẹ́, kí wọ́n pe ọ́fíìsì. Wọ́n pe ọ́fíìsì. Wọ́n tún pè. Ẹnikẹ́ni ò wá. Wọ́n wá mú mẹkáníìkì kan láti Òṣogbo, ìyẹn pe iye owó tó ju agbára wọn lọ, ni wọ́n bá pa á tì síbẹ̀. O ò tíì dé ọ́fíìsì nígbà náà, ṣùgbọ́n àga tí o jókòó lé báyìí ni wọ́n ń pè. Nítorí náà ẹjọ́ àjọ yín ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí gan-an ló máa le láti sọ lójú àwọn tó ń fún yín lówó. Òun náà ni kí o kọ́kọ́ sọ.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ owó. Owó tí wọ́n bá fún yín fún nǹkan kan, nǹkan náà ni kí ẹ fi ṣe, bó ti wù kí ohun mìíràn dùn ní etí tó. Mo jẹ̀bi níbí náà. A máa ń fi owó díẹ̀ pamọ́ fún bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì wa. Ìkómọ wá bọ́ sílé ọ̀kan nínú wa, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò sì dẹ̀ lásìkò náà. Wọ́n ní kí a kó owó bẹ́líìtì ṣe é, a ó dá a padà. Ta ló máa sọ pé rárá? Ẹni wa ni. Mo ka owó sílẹ̀, a jẹ, a mu, a sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bẹ́líìtì já, nígbà tí ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kún agbada, tí oníbàárà Sekona ń retí wa. Kí n tó rí owó yá, ẹ̀gẹ́ ti dúdú. Ewúrẹ́ Alajue sanra lọ́sẹ̀ náà.

Ìyá Ràfíù gbọ́ lórí ẹní. Wọ́n ní kí a gbé àwọn wá sí ìpàdé. Wọ́n ní, "Ẹ fi ẹ́ńjìnnì ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ṣé ẹ lè kó owó ọmọ ẹgbẹ́ yín jẹ?" A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pe orúkọ títí tí mo sì pe "Ẹ́ńjìnnì!", gbogbo obìnrin á dáhùn pé, "Ó wà níbí!" Ẹnikẹ́ni tó bá din gàrí tán á bu kóńgò kan sínú àpò Ẹ́ńjìnnì kó tó ka tirẹ̀. Igun kan ilé ìkẹ́rùsí la ń kó àpò náà sí, ìyẹn ni gàrí àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwa lóòótọ́ tó wọ ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá yá nínú rẹ̀, a ó ní, "Ṣé o ti bi Ẹ́ńjìnnì léèrè?" Ẹ̀rín á pa á, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Gàrí yẹn la ń tà nígbà tó bá wọ́n. Ó ra bẹ́líìtì, ó ra epo. Nígbà tó yá, ó ra ẹ́ńjìnnì tuntun. Rìsí, gàrí yẹn náà ló gbẹ́ kànga. Kànga tí o máa ń fi omi rẹ̀ wẹ̀ bí o bá ti ọ̀nà dé, tí o rò pé ìjọba ló gbẹ́ ẹ, kóńgò la fi gbẹ́ ẹ. A ò kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi ń fi ẹnu gbogbo sọ̀rọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí, pé kí àwọn obìnrin dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn, kì í ṣe àlá, mo ti fojú rí i, mo sì ti mu nínú omi rẹ̀. Lọ bi àwọn ti Sekona léèrè ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tiwọn máa pẹ́. Ọmọ Alajue tó fẹ́ ọkọ síbẹ̀ ló kọ́ wọn ní kóńgò Ẹ́ńjìnnì.

Ìkẹrin, tàbí ìkelòó ni mo bá a dé? Ẹ máa ka ìṣirò owó sétí àwọn obìnrin ní Yorùbá, lójú gbogbo wọn, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, títí kan owó tí ẹ fi ra epo sí mọ́tò ọ́fíìsì. Rìsíìtì tó wà nínú fáìlì fún àwọn olówó nìkan kò tó. Bí Ìyá Sekona kan bá béèrè pé kí ló dé tí epo mọ́tò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, má ṣe bínú.

Má jẹ́ kí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo máa bọ́ yín. Bí àwọn àlejò yìí bá tilẹ̀ gbà láti tún fún yín lówó, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà láti máa ṣe bíi pé wọ́n ti ń lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Kí àjọ yín pàápàá ní tirẹ̀.

Máa gba owó oṣù rẹ, kí ojú má tì ọ́. Mo ṣe akọ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́, mo wá ń rò pé ẹgbẹ́ jẹ mí ní nǹkan, ìgbéraga yẹn wà lára ohun tó mú mi rò pé èmi nìkan ló mọ ohun tó yẹ kí àlejò gbọ́. Bí o bá sì dé abúlé, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kí o tó kí àwọn ìyá. Kúnlẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ pé o nàró kí ẹnì kan ní Sekona. Mi ò ní sọ ẹni tó sọ fún mi.

Ó ku ohun kan. Ọjọ́ tí kànga rí omi, èmi ni mo gbé garawa àkọ́kọ́ lọ fún Ìyá Ràfíù lábẹ́ ìbòòji wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n bọ́jú, wọ́n mu, wọ́n tún mu. Wọ́n ní, "Akọ̀wé."

Mo ní, "Ìyá."

"Ohun tí mo ní kí o sọ fún obìnrin onígíláàsì lọ́jọ́sí, ṣé o rántí?"

Mo ní, "Mo rántí, Ìyá. Mi ò sọ ọ́."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ni mo ti mọ̀." Wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ tútù kàn mí lórí. "Bó bá tún di ìgbà mìíràn, kí o sọ ọ́."

Wọn ò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ. Mo ń dúró de ìgbà mìíràn yẹn láti ọjọ́ náà. Àlejò kankan kò tún wá sí Alajue. Àfi lọ́jọ́ Àìkú tí fóònù dún, tí ọmọ mi ní àwọn àlejò ń bọ̀, kí n bá òun kó èèyàn jọ.

Tú ọ̀rá náà báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí ni. Ọwọ́ mi ló ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, mi ò fún ẹnikẹ́ni rí. Bí àwọn àlejò rẹ bá dé, Alajue ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí wọ́n rí bí ilé náà ṣe tóbi tó àti igun kékeré tí àpò Ẹ́ńjìnnì gbà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó dé Sekona, kí ẹ lọ sí Awo. Kí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ẹnu ara wọn sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni ò wá. Kí ìwọ náà sọ ohun tí ẹ ó ṣe sí i, kí ẹ kọ́ ọmọbìnrin méjì ní Awo ní títún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí ẹ sì fi kóńgò Ẹ́ńjìnnì tì í lẹ́yìn. Mo rò pé wọ́n á gbọ́. Bí wọn ò bá gbọ́, tí wọ́n kó owó wọn lọ, yàrá rẹ wà níbí, mo ti gbá a, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóńgò.

Màá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, lórí ẹní Ìyá Ràfíù. Mi ò ní sọ òyìnbó lọ́jọ́ náà. Yorùbá ni màá fi sọ fún wọn pé àwọn àpò yẹn kì í ṣe tiwa, pé omi ni a ò ní, pé èmi ni mi ò sọ ọ́. Ìwọ lo máa ṣe ògbufọ̀ fún mi, Rìsí. Gbogbo rẹ̀ ni kí o sọ fún wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Akọ̀wé Alajue.